Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìtàn Òpópó Àárín Ìlú Wa

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ètò ìlú,

Àwa ẹgbẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí sí yín nítorí àwọn ilé ojú òpópó àárín ìlú tí a ti fi ọ̀dà kọ àmì wíwó sí lára, kí títì lè fẹ̀ sí i. A kò tako fífẹ títì náà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí wíwó ilé kankan níbẹ̀ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tí a ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn irú òpópó bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ara ilé ni ó wà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó sì máa ń tètè rí i. Bí a bá ṣí pákó àjà, ìṣó tí a bá níbẹ̀ lè sọ ìgbà tí wọ́n kàn án: ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó kọ́kọ́ wà, èyí tí ẹ̀rọ ń gé láti ara irin pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e, ìṣó wáyà tí gbogbo wa ń lò lónìí sì borí wọn ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1890 sí 1900. Ibi tí bíríkì ti yí padà lára ògiri lè fi hàn pé wọ́n fi kún ilé náà lẹ́yìn náà, tàbí pé iná ti jó apá kan rẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn tóóró tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ sábà máa ń já sí àtẹ̀gùn, nítorí pé òkè ìsọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti ìdílé rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Ó ń dùn wá gan-an pé katapílà lè pa gbogbo ẹ̀rí yìí rẹ́ láàárín ọjọ́ kan.

Ohun tí a ń bèèrè kì í ṣe àjèjì. Ní ọdún 1867 ni ilé iṣẹ́ Sanborn bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ilẹ̀ àwọn ìlú Amẹ́ríkà fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, tí wọ́n ń kun ilé bíríkì ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń kun ilé onípákó ní àwọ̀ ìyeyè. Ewu iná ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n àwòrán wọ̀nyí ni àwọn òpìtàn fi ń mọ̀ lónìí ibi tí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wà lójú òpópó kan. Ní ọdún 1977, National Trust for Historic Preservation, ẹgbẹ́ tí ó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, mú ìlú mẹ́ta níbẹ̀, Galesburg, Madison àti Hot Springs, láti dán an wò bóyá títún ilé àtijọ́ ṣe lè mú òwò àárín ìlú sọjí. Ní ọdún 1980 ni wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ pàṣẹ pé kí ayàwòrán, ẹni tí yóò wọn ilé, àti akọ̀wé kan wọ ilé kọ̀ọ̀kan kí ìwé àṣẹ wíwó rẹ̀ tó jáde, kí ẹ sì ṣí àwọn ìwé owó orí ilé àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, nítorí pé inú wọn ni a ó ti mọ ẹni tí ó ni ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí a tọ́jú àwọn ilẹ̀kùn àti pátákó orúkọ tí kò bàjẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tí a ti yọ wọ́n. Ilẹ̀kùn tí a kò mọ ilé rẹ̀ mọ́ kò lè sọ ohun púpọ̀ fún òpìtàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò ṣí àjà, tí wọn yóò sì wọn ògiri, láìgba owó.

A ń retí kí ẹ dá ọjọ́ tí àwọn aṣojú wa lè wá rí yín, kí iṣẹ́ wíwó tó bẹ̀rẹ̀.

Alága àti Akọ̀wé,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́