Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ kì í ṣe ti ọdọọdún

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo fẹ́ kí a tún yẹ̀ wò: pé ọdọọdún ni obìnrin gbọ́dọ̀ máa lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Àwọn àgbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ohun tí àwọn dókítà sọ fún wọn nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé Pap smear nìkan ló wà. Àmọ́ nǹkan ti yàtọ̀.

Nínú Pap smear, wọ́n á ha sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọrùn ilé ọmọ, wọ́n á sì wò ó bóyá ó ti ń yí padà. Ó lè fo ohun tó yẹ kó rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é lemọ́lemọ́. Àyẹ̀wò HPV ní tiẹ̀ ń wá HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa àrùn náà gan-an. Jẹjẹrẹ yìí kì í sì í yára: lára obìnrin tí ara rẹ̀ le, ó sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí kòkòrò náà tó di jẹjẹrẹ. Ẹni tí wọn ò bá rí HPV lára rẹ̀ lónìí lè fọkàn balẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Ìdí rèé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò HPV láti ọmọ ọdún 30, kó máa ṣe é ní ọdún 5 sí 10 síra. Níbi tó bá jẹ́ Pap smear ló wà, tàbí èyí tí wọ́n ń fi ọtí kíkan (vinegar) pa ọrùn ilé ọmọ láti wo ibi tó ti ń yí padà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni. Ẹni tó ní kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé àwọn yòókù o: láti ọmọ ọdún 25 ni tirẹ̀, ní ọdún 3 sí 5 síra, torí àrùn náà máa ń yára lára rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera ní Wales, ní Britain, sún àyẹ̀wò yìí láti ọdún mẹ́ta-mẹ́ta sí ọdún márùn-ún-márùn-ún ní 2022, inú bí ọ̀pọ̀ obìnrin. Wọ́n rò pé àwọn aláṣẹ fẹ́ fi ẹ̀mí àwọn tọ́jú owó ni. Mi ò bá wọn wí, nítorí àwọn aláṣẹ ò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún wọn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àṣejù náà ní ewu. Ọ̀pọ̀ HPV ló máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì, pàápàá lára ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá ń fi gbogbo ìgbà wá a kiri, wọ́n á máa gé ibi tó yí padà lára ọrùn ilé ọmọ, tí ì bá sàn láìsí ìtọ́jú, ìgé yìí sì lè mú kí obìnrin bímọ láìpé oṣù lẹ́yìn ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún yìí wà fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ni o! Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yọ láìjẹ́ àsìkò nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá pátápátá: ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Kó tọ dókítà lọ kíákíá. Ẹni tó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ṣì gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò, torí abẹ́rẹ́ náà kò ká gbogbo irú kòkòrò ọ̀hún.

Lójú tèmi, ẹni tí kò ṣe é rí rárá ló yẹ kó gbà wá lọ́kàn ju ẹni tó ń ṣe é lọ́dọọdún lọ. Bí ojú bá ń tì í, obìnrin lè fúnra rẹ̀ mú ohun tí wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò HPV, láìsí pé ẹnikẹ́ni wo ara rẹ̀. Àwọn obìnrin tó mọ èyí kò pọ̀ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ẹ má kọ iye ọdún nìkan. Ẹ kọ irú àyẹ̀wò tí ẹ ń sọ mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín