Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ibi tí ẹ ó ti máa jẹun ní Trinidad

St. Augustine,
Trinidad.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Íbàdàn? Alhaji ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bá mi kí Màmá gan-an, sọ fún wọn pé mo ń gbàdúrà fún wọn. Látìgbà tí mo ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀ lóòótọ́ ni inú mi ti ń dùn ṣìnkìn.

O ní kí n kọ orúkọ ilé oúnjẹ tó dáa ránṣẹ́, kí Alhaji lè mọ iye tí wọn yóò mú dání. Jọ̀ọ́, ẹ má sanwó oúnjẹ pọ̀ mọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì. Owó ibùsùn nìkan ni kí ẹ san. Etí títì ni oúnjẹ tó dùn jù ní erékùṣù yìí wà, orí ìdúró sì ni wọ́n ti ń jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó o mọ̀ ju orúkọ ilé oúnjẹ lọ ni àkókò. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀ níbí, bí wákàtí yẹn bá sì ti kọjá, àfi kó o dúró dọjọ́ mìíràn.

Doubles la ó kọ́kọ́ jẹ. Èmi fúnra mi ni n ó wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfuurufú Piarco. Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ lẹ dé, a ó yà ní oríta Curepe ká tó délé. Fúláwà pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n dín nínú òróró ni, bara ni wọ́n ń pè é. Àtalẹ̀ pupa ló jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè, ó sì máa ń rọ̀ dáadáa. Wọ́n á bu channa lé e, ìyẹn irúfẹ́ ẹ̀wà roboto kan tí wọ́n fi kọ́rì sè títí tó fi jinná kúnná. Wọ́n á wá kán ọbẹ̀ àjàgbọn sí i, wọ́n á fi kùkúḿbà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i, àti máńgòrò tí kò tíì pọ́n tí wọ́n ti fi ata ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ́ bébà mọ́ ọn. Ọwọ́ àwọn tó ń tà á yá débi pé ojú ẹ ò ní bá wọn mu. Ìka lẹ ó fi jẹ ẹ́. Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀ kí omi kọ́rì má baà kán sáṣọ, má sì wọ léèsì wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́ náà!

Ìran àwọn ará India tó wà níbí la ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un. Ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1845 ni ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, Fatel Razack, gúnlẹ̀ síbí, nígbà tí àwọn ẹrú ti gba òmìnira tí àwọn olóko ìrèké sì ń wá òṣìṣẹ́ káàkiri. Títí di ọdún 1917 ni wọ́n fi ń kó wọn wá. Ìdílé Mùsùlùmí kan, ìdílé Deen, ní Princes Town lápá gúúsù, la gbọ́ pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ doubles ní àwọn ọdún 1930. Sọ èyí fún Alhaji kí ọkàn wọn balẹ̀: kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀ rárá.

Wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ ata. Mo mọ̀ ọ́, wàá ní ata kì í ba ọmọ Ìbàdàn lẹ́rù. Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́, "slight", ìyẹn ata díẹ̀, ni kó o sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Erékùṣù yìí ni ata Moruga Scorpion ti wá, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde lọ́dún 2012 pé kò sí ata tó ta tó o láyé nígbà náà. Ata rodo tiwa ò tó o kò lójú.

Roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ni ti ọ̀sán. Oríṣi méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ wò: dhalpuri, tí wọ́n lọ irúfẹ́ ẹ̀wà kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè rúbúrúbú sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi wé ẹran ewúrẹ́, edé tàbí elégédé tí wọ́n fi kọ́rì sè, àti paratha, tí wọ́n ń fà ya, tí wọ́n sì ń fi kó ọbẹ̀ bí a ṣe ń fi òkèlè kó o. Mo fẹ́ràn paratha ju dhalpuri lọ, ẹran ewúrẹ́ sì ni kó o fi jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé roti ló jẹ́ halal, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síta gbangba. Tí ọjọ́ bá gbà wá, a ó lọ sí Debe ní gúúsù, níbi tí àwọn olóúnjẹ tò sí lẹ́bàá títì tí wọ́n ń dín pholourie, tó rí roboto bí àkàrà kéékèèké, àti saheena. Ewé kókò ni wọ́n fi ń ṣe saheena.

Maracas ńkọ́? Etíkun ni, lẹ́yìn òkè tó wà ní àríwá Port of Spain, olú ìlú wọn. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló la ọ̀nà ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀nà náà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín igbó, òkun sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bake and shark ni gbogbo ayé ń wá jẹ níbẹ̀: búrẹ́dì tí wọ́n dín, pẹ̀lú ẹja shark nínú rẹ̀. Tábìlì kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kún fún ọ̀pẹ̀yìnbó, kábéèjì, ọbẹ̀ aayù àti ewé chadon beni, kí oníkálukú fi ohun tó wù ú sí i. Àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú òkun ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká dín shark jíjẹ kù, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹja kingfish ni kí ẹ béèrè fún. Adùn tábìlì yẹn ò ní yàtọ̀.

Lálẹ́, Queen's Park Savannah, pápá ńlá tó wà ní Port of Spain: ọbẹ̀ àgbàdo gbígbóná, àti omi àgbọn. Wọ́n tún máa júwe Ariapita Avenue fún yín, òpópónà tí àwọn ilé oúnjẹ ńlá wà. Tí Alhaji bá fẹ́ jókòó sídìí tábìlì tó láṣọ, a ó lọ, ṣùgbọ́n owó yẹn pọ̀ ju oúnjẹ tí wọ́n ń gbé fúnni níbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni n ó fẹ́ kó o farabalẹ̀ jẹun, torí ibẹ̀ ni wàá ti rí wa. Callaloo: ewé kókò, ilá, wàrà àgbọn, nígbà mìíràn akàn, tí wọ́n sè pọ̀ títí tó fi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilé wa. Pelau náà wà, ìrẹsì tí wọ́n fi òtílí àti adìyẹ sè. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbí títí di òní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ callaloo, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Tó bá jẹ́ ìgbà Kérésì lẹ wá, zobo á kún ilé gbogbo. Sorrel ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má sì padà láì dé Tobago, erékùṣù kejì orílẹ̀-èdè yìí. Ìrìn ẹsẹ̀ ni láti pápákọ̀ òfuurufú wọn sí Store Bay, níbi tí àwọn ìyá olóúnjẹ to ṣọ́ọ̀bù wọn sí, tí wọ́n ń ta akàn oníkọ́rì pẹ̀lú dumpling fúláwà. Ẹ tètè lọ, torí akàn máa ń tán. Ọwọ́ méjèèjì lẹ ó fi fọ́ ọ, ẹ ó sì fa omi inú rẹ̀ mu.

Bi Alhaji bóyá wọ́n ń jẹ akàn, kó o sì kọ ọjọ́ àti aago tí ọkọ̀ òfuurufú yín máa balẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kí n lè mọ̀ bóyá Curepe la ó kọ́kọ́ yà sí àbí ilé roti. Tó o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, bá mi mú irú àti ẹ̀gúsí díẹ̀ dání, kó o dì í dáadáa, kó o sì béèrè ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yín bóyá wọ́n á gbà á wọlé.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́