Àṣàkẹ́, a ti sin Papaw

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

A ti sin Papaw, bàbá àgbà wa láàárín òkè West Virginia, lọ́jọ́ Sátidé. Aago mẹ́ta òru ni èmi àti mọ́mì rẹ gbéra nílé, a sì gba ọ̀nà 52 oníkọ́nà yẹn, èyí tí o máa ń bì sí nígbà tí o wà ní kékeré. Bí ogójì èèyàn la pé ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí gbogbo wọn funfun bí òwú. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni pàtàkì o, ọkùnrin mẹ́fà tí ẹ̀yìn wọn ṣì le ni kò sí ládùúgbò náà mọ́. Mamaw, ìyàwó wọn, wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi dà?" Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bá ọ jà lórí ìyẹn. Ohun tí ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí o fẹ̀rín sọ fún mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá, pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ bi ọ́ níbi tí o dàgbà sí, o sì dá wọn lóhùn pé "ìtòsí Washington." Àṣàkẹ́! Láti Welch, ìlú tí o dàgbà sí, dé Washington lé ní wákàtí márùn-ún. Ó dà bí ẹni tó dàgbà sí Ṣakí tó ní ẹ̀gbẹ́ Èkó lòun ti wá. O ní tí o bá dárúkọ McDowell, ìjọba ìbílẹ̀ tí Welch wà, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe: ilé tó wó, eyín tó ká, oògùn olóró.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí o máa fi dá wọn lóhùn lọ́jọ́ mìíràn.

Lọ́dún 1997 tí mo parí ẹ̀kọ́ dókítà mi níbí, irú físà tí mo fi wọlé ní kí n padà sílé fún ọdún méjì, àfi tí mo bá lọ fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ò tó. Ohun tó gbé wa dé àárín òkè West Virginia nìyẹn, àwa àti ọ̀pọ̀ ọmọ Íńdíà àti Pakistan. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú ni mò ń lọ, wọ́n ní, "Ṣé igi ti tán l'Òkè-Ògùn ni, tí o fi fẹ́ lọ jó èédú l'Amẹ́ríkà?" Mo ṣàlàyé títí pé kì í ṣe igi, òkúta ni, abẹ́ òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà má wọ ibẹ̀." Ọdún mẹ́ta wá di mẹ́rìndínlógún.

Lọ́dún 1950, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 ló ń gbé McDowell. Nígbà ìkànìyàn 2020, 19,111 ló kù. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ló sọ ibẹ̀ dahoro, bi í pé ṣé ó ti tẹrí ba wa kùsà rí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ọjà irin dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó ń fi èédú wọn yọ́ irin ò rà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ihò ń tì tẹ̀léra. Ilé tí àwọn bàbá wọn gbé, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rajà, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Kódà owó tí wọ́n fi ń rà á, ilé iṣẹ́ ló rọ ọ́, kò sì wúlò níbòmíràn. Èédú wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, èrè rẹ̀ náà sì bá a lọ.

Wọn ò sì kàn káwọ́ gbera. Àtẹ̀gùn kóòtù Welch tí o máa ń jókòó sí lá áísìkiriìmù, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Sid Hatfield, ọ̀gá ọlọ́pàá Matewan tó gbè sẹ́yìn àwọn awakùsà, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1921. Oṣù yẹn ò tíì parí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà fi gbé ìbọn kọrí sí Blair Mountain, òkè tí wọ́n ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ilé iṣẹ́ èédú ń náwó fún jà. Funfun àti dúdú jọ wà nínú wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti wá láti Alabama àti Virginia wá wa èédú níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tèmi gan-an, ilé ìrántí tí wọ́n kọ́ ní Kimball lọ́dún 1928 fún àwọn ọmọ ogun dúdú ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí lo wá dé ibẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, áńgẹ́lì kọ́ ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọkùnrin kan ní òun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ mi kan òun. Oògùn ìrora pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ẹ jọ gun bọ́ọ̀sì, àwọn dókítà bíi tèmi ló sì kọ oògùn náà fún àwọn kan. Sọ ìyẹn náà tí wọ́n bá bi ọ́. Ṣùgbọ́n má fi ṣe ẹ̀rín.

Papaw ni mo tún fẹ́ kí o rántí dáadáa. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sùn lórí àga, torí bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ẹni tó ń mumi yó ni. Ìwọ lo máa ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rọ́bà atẹ́gùn wọn tó gùn láti yàrá dé kíṣìnnì, tí o sì máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ mìíràn pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Mo rí x-ray wọn: ibi tó yẹ kó dúdú fún atẹ́gùn, ó kún fún àmì funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. Òfin tó ní kí wọ́n máa sanwó fún alárùn eruku èédú ti wà láti 1969, lẹ́yìn tí ihò kan bú gbàmù ní Farmington lọ́dún 1968 tó sì pa èèyàn 78. Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ owó Papaw nílẹ̀. Dókítà tí ilé iṣẹ́ gbà ní sìgá ló fa àrùn wọn. Ẹni tí kò fa sìgá rí láyé! Tábà ni wọ́n ń jẹ, torí iná ò gbọdọ̀ wọ inú ihò. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo kọ. Nígbà tí owó jáde, kẹ̀kẹ́ rẹ aláwọ̀ pupa ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rà.

Pe Mamaw. Má fi text ránṣẹ́, fóònù ilé ni wọ́n ń lò, òkè ò jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Pè wọ́n ní aago méje alẹ́, wọ́n á ti jẹun tán. Wọn á bi ọ́ bóyá o ti tóbi sí i, má bínú. Ata rodo tí mọ́mì rẹ fún wọn ní irúgbìn rẹ̀ ṣì ń so lẹ́yìn ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó kàn wu àwọn láti máa wò ó ni. Tí o bá ráyè lóṣù Kẹrin, lọ bá wọn wa ramps, àlùbọ́sà igbó olóòórùn líle yẹn. Ìwọ rántí òórùn rẹ̀, ọjọ́ tí tíṣà gbé tábìlì rẹ lọ sẹ́bàá fèrèsé.

Mamaw ní kí n fún ọ ní owó ide kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí, èyí tí wọ́n lu àárín rẹ̀. Bàbá Papaw ló gbà á lówó ọ̀yà, Papaw sì fi pamọ́ sínú agolo tábà wọn. Má wulẹ̀ gbé e lọ sí báńkì. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ń gbà á ti wó.

Bàbá rẹ