Àdùkẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ọ síra wọn

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ẹkún lóhùn rẹ lálẹ́ àná, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ọkọ rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jọ dáwó ra bọ́ọ̀sì, owó dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìwọ ni wọ́n wá sọ di oníṣẹ́ láàárín ara wọn.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọléèwé ní ìtàn Róòmù, obìnrin kan wà tí n kì í lè sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: Octavia, ẹ̀gbọ́n Octavian tó padà di Augustus, olú-ọba àkọ́kọ́ ní Róòmù. Ìyá tó bí wọn, Atia, ọmọ arábìnrin Julius Caesar, olórí Róòmù nígbà kan, ni. Ilé ọlá nilé wọn, ọmọbìnrin ilé ọlá ni wọ́n sì máa ń fi so àdéhùn nígbà náà. Lọ́dún 40 ṣáájú ìbí Kristi, Octavian àti Mark Antony, ọ̀gágun tí wọ́n jọ ń du agbára ní Róòmù, parí ìjà ní Brundisium, ìlú kan ní Ítálì. Marcellus, ọkọ Octavia, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Òfin ní kí opó dúró fún oṣù 10 kó tó fẹ́ ọkọ mìíràn, ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ òun sílẹ̀, wọ́n sì fi í fún Antony.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà, ìjà tún fẹ́ bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì ní Tarentum, ìlú mìíràn ní Ítálì. Octavia, pẹ̀lú oyún nínú, lọ bá àbúrò rẹ̀. Plutarch, òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan, kọ ọ́ pé ó ní ẹni yòówù kó ṣẹ́gun nínú àwọn méjèèjì, òun ni ìyà máa jẹ. Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó tún gba ọkọ̀ ojú omi 20 lọ́wọ́ ọkọ fún àbúrò, ó gba ọmọ ogun 1,000 lọ́wọ́ àbúrò fún ọkọ. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn nínú ayé obìnrin náà, Àdùkẹ́.

Ṣùgbọ́n ọrùn òun nìkan ni àlàáfíà ọ̀hún fi rọ̀. Lọ́dún 35, ó kó ọmọ ogun 2,000, aṣọ àti owó, ó ń gbé e lọ fún ọkọ rẹ̀. Ó dé Athens, lẹ́tà ló bá níbẹ̀: kó má kọjá ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ Cleopatra, ọbabìnrin Íjíbítì, ni Antony wà. Àbúrò ní kó kẹ́rù kúrò nílé ọkọ tó tàbùkù rẹ̀, ó kọ̀. Ó jókòó ti àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ Fulvia, ìyàwó tí Antony ní ṣáájú rẹ̀, títí Antony fi ní kí wọ́n lé e jáde lọ́dún 32.

Lẹ́yìn ikú Antony àti Cleopatra, wọ́n kó àwọn ọmọ tí àwọn méjèèjì bí wá sí Róòmù. Octavia ló tọ́ wọn. Ọmọ orogún tó gba ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́! Kò jẹ́ kí ìjà àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Pe ọkọ rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó, kí o bẹ̀ wọ́n lójú ara wọn, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, má gbé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọkọ rẹ bá ní “sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé”, fi ọ̀wọ̀ sọ pé kí wọ́n pè wọ́n fúnra wọn. Kí àwọn ọmọ sì máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ bí wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n kó ìwé owó bọ́ọ̀sì náà dè mí, kí awakọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwọ má jókòó sí i. Kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ó ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa mọ́ dè wọ́n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ