Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha igun aago yín nù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àwọn tó ní Grand Seiko, ìyẹn aago ọwọ́ olówó ńlá tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Japan, tó ti ń ní ìlà díẹ̀díẹ̀ lára, tí wọ́n sì fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa bá wọn nù ún kó lè dán bíi tuntun, ni mo torí wọn kọ̀wé yìí. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣe sùúrù ná.

Láti ọdún 1967, tí Taro Tanaka, tó ń ya àwòrán aago fún ilé iṣẹ́ Seiko, ti fi aago Grand Seiko tí wọ́n ń pè ní 44GS lélẹ̀, ojú irin pẹrẹsẹ àti igun tó mú ni wọ́n fi ń dá ẹ̀yà aago náà mọ̀. Zaratsu ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dán an. Oníṣẹ́ á di irin náà mú, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú àwo pẹrẹsẹ tó ń yí, tí wọ́n fi tánńganran (tin) ṣe. Iwájú àwo gan-an ni, kì í ṣe etí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ bó ṣe yẹ kí irin dagun sí àti bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́ tó. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jù lápá kan, ojú irin á rí gbágungbàgun, igun á sì yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ ẹnì kan tó dá a mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe ń lò ni kẹ̀kẹ́ aṣọ, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ń yí tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Aṣọ rọ̀, torí náà ó máa ń ká mọ́ igun, á sì jẹ igun ju ojú pẹrẹsẹ lọ. Aago á dán lóòótọ́, àmọ́ irin tó ti lọ ti lọ nìyẹn, kò ṣeé dá padà. Ẹ lè fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé aago sábẹ́ iná gbọọrọ, kí ẹ wo àwòrán iná náà lójú irin. Tó bá lọ tààrà títí dé etí, ó ṣì pé. Tó bá tẹ̀ kó tó dé etí, wọ́n ti bà á jẹ́.

Inú rẹ̀ náà ní tiẹ̀. Àwọn tí sípíríǹgì nìkan ń mú ṣiṣẹ́, láìsí iná mànàmáná, ni wọ́n ń tò ní Shizukuishi, ní Iwate, nílẹ̀ Japan. Wọ́n á dán ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò fún ọjọ́ 17, ní oríṣi ọ̀nà 6 tí wọ́n gbà gbé e kalẹ̀, nínú òtútù àti ooru (8, 23 àti 38 lórí ìwọ̀n Celsius). Ní ìpíndọ́gba, kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú àáyá 5 yá lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 3 falẹ̀. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan yá, ẹ kọ́kọ́ fura sí òòfà: ó ti mú kí sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó wá dà bíi pé ó kúrú. Kí wọ́n yọ òòfà kúrò ni, kì í ṣe kí wọ́n tú u.

Irú Grand Seiko tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ inú rẹ̀ ní Spring Drive yàtọ̀. Shiojiri, ní Nagano, ni wọ́n ti ń ṣe é. Yoshikazu Akahane, ẹnjiníà Seiko, ló ronú kàn án ní 1977, ọdún 1999 ló tó dé ọjà. Kò lo bátìrì rárá. Sípíríǹgì ló ń yí kẹ̀kẹ́ kan tó ń pèsè iná mànàmáná díẹ̀. Iná yẹn ló ń jí òkúta quartz tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbọ̀n yẹn la sì fi ń díwọ̀n bíréèkì fún kẹ̀kẹ́ náà kó má yí ju ìgbà 8 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí náà, ṣe ni ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ ń yọ́ lọ láìdúró. Tí ẹ bá rí i tó ń fò, tó ń dúró, ayédèrú ni.

Tí ẹ bá ń gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé kí wọ́n tún ẹ̀rọ inú ṣe, kí wọ́n má dán ara rẹ̀. Tí ìlà tó wà lára rẹ̀ bá jinlẹ̀ tó ṣòro láti fara dà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fi dán an. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ aṣọ ni wọ́n fi hàn yín, ẹ gba aago yín.