Pálọ̀ ni kó jẹ́, má jẹ́ kó di òde

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí ìwé tí o fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ kọ́kọ́ kà á sí mi létí, lẹ́yìn náà mo wá awò ojú mi, mo kà á fúnra mi. Pé o fẹ́ máa pe èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí pálọ̀ rẹ ní Bowie, ní Maryland níbẹ̀ yẹn, kí ẹni tó gbajúmọ̀ kan bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sanwó ìjókòó, kí a sì fi owó náà rán ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lọ sí yunifásítì, ìyá wo ló máa gbọ́ ọ tínú rẹ̀ kò ní dùn? Ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí o kọ ìṣirò sí, ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

Èèyàn 25, dọ́là 120 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di 3,000. Ó dáa. Owó gbọ̀ngàn, 900. (Ṣebí pálọ̀ la ń sọ láàárọ̀?) Oúnjẹ, 1,100. DJ, 400. Ọkọ̀ òfuurufú àlejò pàtàkì, 450. Mo rò ó pọ̀, 2,850. Dọ́là 150 ló kù fún ọmọ tí a torí rẹ̀ kó gbogbo wọn jọ. Kò tó owó ìwé kíkà mélòó kan níbẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra rẹ ṣe máa ń ráhùn nígbà tí o wà nílé ìwé.

Òde lò ń dá yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò bá ọ wí, ó wà lára wa. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ pé èèyàn mẹ́wàá ń bọ̀, ọwọ́ á ti máa wá ìkòkò ńlá kiri.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo wá bá ọ tọ́jú àwọn ìbejì? O fi mọ́tò gbé mi lọ sí Washington lọ́jọ́ kan, o dúró ní S Street, o nawọ́ sí ilé kan. O ní obìnrin adúláwọ̀ kan tó jẹ́ akéwì ló gbé ibẹ̀, Georgia Douglas Johnson, pé láwọn ọdún 1920, alẹ́ Sátidé ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń pé sí pálọ̀ rẹ̀. O dárúkọ Langston Hughes, o dárúkọ Zora Neale Hurston. Èyí tí mi ò gbàgbé ni pé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1925, obìnrin náà ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń fi owó oṣù rán ọmọkùnrin rẹ̀ méjì nílé ìwé, síbẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tì. Mo bi ọ́ pé kí ló ń sè fún gbogbo èrò yẹn. O bú sẹ́rìn-ín, o ní, "Màmá, wọn ò torí oúnjẹ lọ." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo ń dá padà fún ọ.

Ìsúnmọ́ra ni ọjà tí o fẹ́ tà. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, gèlè ẹni tó jókòó níwájú lèèyàn ń wò títí tí olókìkí fi máa sọ̀rọ̀ tán. Nínú pálọ̀, nọ́ọ̀sì kan lè bi oníṣẹ́ abẹ kan pé báwo lo ṣe délé lọ́jọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ kú mọ́ ọ lọ́wọ́, kí ọkùnrin náà gbé ife kalẹ̀, kó ronú, kó sì sọ òótọ́. Ìyẹn lèèyàn máa fi sanwó, tó sì máa tún padà wá. Nítorí náà, wá olókìkí tó ń gbé nítòsí, tó lè wakọ̀ ara rẹ̀ wá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ ní Yunifásítì Howard ní Washington. Bẹ̀ ẹ́ kó má gbowó, kó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú péré, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ìbéèrè. Má to tábìlì àgbà fún un, kó jókòó sáàárín wọn. Mọ́ín-mọ́ín, dòdò, ẹran díẹ̀, ó tó. Olóṣèlú tó ń wá ìbò, má pè é rárá.

Bàbá rẹ ní kí n fi Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta wa, sí i. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London lọ́dún 1925, nígbà tí àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúdú. Láti 1929 títí di 1932 ló fi ń yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, tó ń gbowó láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n tó ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Camden ní 1933. Sùúrù ni bàbá rẹ rí nínú ìtàn yìí. Ohun tí èmi rí ni pé ẹni tó dáwó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ilé.

Nítorí mo ti kọ owó tí ojú ò rí sílẹ̀ rí. O ṣì kéré nígbà náà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ kan ládùúgbò wa, a ṣe lọ́ńṣìn láti rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì. Alága gba máìkì, ó ní òun fi ₦500,000 sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ, onílù dojú kọ ọ́. Wọ́n fa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jáde, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ dúpẹ́, oní-fídíò sì tan iná sí i lójú títí tí omi fi ń jáde níbẹ̀. Bírò pupa ni mo fi kọ iye náà sínú ìwé mi, torí pupa ni èyí tí kò tíì wọlé. Pupa ló ṣì wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ náà wá sílé wa, tó wé ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ sínú ọ̀rá nítorí òjò. Nígbà kẹta, ìwọ ni mo rán síta pé kó o sọ fún un pé mo ti lọ sọ́jà. O lè má rántí. Àdìrẹ ló ń tà ní Ìtòkú báyìí, ọjà ń tà fún un. Bó bá rí mi, á kúnlẹ̀ kí mi, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Kí wọ́n sanwó ìjókòó kí ọjọ́ tó pé, kó o má dárúkọ ọmọ kankan kí owó tó wọ báǹkì, kó o má sì fa ọmọ kankan jáde. Bó bá wù ú kó wá, kó jókòó bí àlejò, kó béèrè ìbéèrè tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston, ẹni tó ń fi ìṣirò owó jẹun, ní kí n sọ àwọn nǹkan kan. Owó náà gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú tí IRS, agbowó-orí ìjọba Amẹ́ríkà, mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3). Bí o ò bá ní, wá èyí tó ti ní kí ẹ jọ ṣe é. Ẹni tó san 120, tó jẹ oúnjẹ dọ́là 30, dọ́là 90 nìkan ni ọrẹ rẹ̀ lójú agbowó-orí, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún un, nítorí owó náà ti ju 75 lọ. Kí ìgbìmọ̀ sì yan ọmọ, kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe ẹni tó dáwó. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ kò sí níbẹ̀, má wulẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: ó ní ilé ìwé mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọmọ bá gba sikọ́láṣíìpù dọ́là 2,000 láti ìta, wọ́n á yọ 2,000 kúrò nínú ìrànwọ́ tiwọn. Ọmọ ò jèrè kọ́bọ̀. Maryland tiyín ló kọ́kọ́ ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2017, àmọ́ yunifásítì ìjọba lòfin náà mú. Bí ọmọ yín bá ń lọ sí ti aládàáni, ẹ pe ilé ìwé kí ẹ tó kọ sọ̀wédowó.

Kọ orúkọ mi sí àga kan. Mi ò lè wá, orúnkún mi ò gba ọkọ̀ òfuurufú mọ́, ṣùgbọ́n mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi san 120 náà. Èmi ò jẹ oúnjẹ yín, kó yé ọ pé 120 ni ọrẹ tèmi. Fi rìsíìtì mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí n lè fi bírò dúdú kọ ọ́.

Ìyá rẹ.