Ẹ má fìyà "sé" jẹ ọmọ Ìbàdàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín láti Mókọ́lá, tó ní kí àwọn olùkọ́ máa yọ máàkì ọmọ tó bá pe "ṣé" ní "sé" bí àwa ọmọ Ìbàdàn ṣe ń pè é, pé ọ̀lẹ ahọ́n ni. Ìsàlẹ̀ Ọjà'ba ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo sì ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, àwọn tó ń múra WAEC àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ló ń wá bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kì í sì í ṣe nítorí ẹnu tèmi nìkan. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó dára jù nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ẹni yìí fẹ́ kí a fi pàṣán lé kúrò ní kíláàsì.

Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. "Kí ni fóníìmù? Kí ni mófíìmù? Kí ni sílébù?" Wọ́n ti há gbogbo ìdáhùn sórí bí ọmọ kéú ṣe ń há wàláà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn ṣe àpẹẹrẹ, kẹ́kẹ́ á pa.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Màá ní kí ọmọ tó dàgbà sí Èkó pe "sẹ́" àti "ṣẹ́". Ó sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́ igi. Fáwẹ̀lì kan náà, ohùn òkè kan náà, kọ́ńsónáǹtì nìkan ló yàtọ̀, ìtumọ̀ sì ti yí. Ìdí nìyẹn tí "s" àti "ṣ" fi jẹ́ fóníìmù méjì, ìyẹn ìró tó ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Lẹ́yìn náà, màá pe ọmọ Bẹẹrẹ tí ìyá àgbà tọ́. "S" ni méjèèjì á jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín bá rọlẹ̀, màá bi wọ́n pé báwo ni àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń mọ̀ bóyá igi ló ṣẹ́ ni tàbí ọ̀rẹ́ ló sẹ́. Wọ́n á ronú, wọ́n á ronú, ẹnìkan á wá sọ pé, "Mà, a kì í sẹ́ igi." Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ló ń là á. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí ìyẹn kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni pe ìtumọ̀ fóníìmù fún un kó máa kọ ọ́.

Ọ̀lẹ kọ́ ni o. Ọ̀lẹ á ṣe é lónìí, á gbàgbé lọ́la. Ẹni tí ó bá ń sọ èdè Ìbàdàn kì í gbàgbé: isu, osù, isẹ́, òsùpá, òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Ọmọ tí wọ́n bá nà lórí rẹ̀ ló máa ń ṣìnà. Mo ní ọ̀kan tí wọ́n ti bá wí títí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. "Ṣùúrù" ló ń pe sùúrù báyìí, ó sì ní òun fẹ́ lọ "ṣùn".

Mi ò ní kí wọ́n kọ "isu" sínú ìdánwò. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 la ń tẹ̀lé, "iṣu" la sì ń kọ. Ṣùgbọ́n ìlú wo ló tún yẹ kí ọmọ ti kọ́ pé ẹnu yàtọ̀ sí ẹnu bí kò ṣe èyí, ibùdó ogun tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jọ dó sí ní nǹkan bí 1829? Ọmọ Èkìtì kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń pe ilé ní "ulé". Àwọn yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀-orúkọ kan tí "u" bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé kíkà wọn. Wọ́n wá a tì. Yorùbá àjùmọ̀lò kò fàyè gbà á, èdè Èkìtì gbà á, ó parí. Yunifásítì Ìbàdàn níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣiṣẹ́, tí ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó yan ìmọ̀ òfin tí wọ́n fún ní lìǹgúísíìkì, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, dípò rẹ̀ ń sunkún wá bá mi.

Lítíréṣọ̀ náà ńkọ́? Wọ́n mọ orúkọ ọnà-èdè: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣe níbi tó wà, ó tán. Mo fún wọn ní oríkì ìlú wa: "A kì í wáyé ká má làrùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn." Ọ̀kan kọ ọ́ pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ìyẹn kí a pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn, ó fàlà sí i nídìí. Mo ní kó padà. Ẹni tó ń ṣàìsàn, ṣé à ń bá a wí ni, àbí à ń bá a kẹ́dùn? Ẹni tó pe ìjà ní àrùn ti yọ ìlú nínú ẹ̀bi. Ẹ tún gbọ́ bó ṣe gbé e bẹ̀rẹ̀, "A kì í wáyé ká má…", ẹnu òwe ni. Kó tó dárúkọ Ìbàdàn, gbogbo ayé ti ní àrùn lára. Ọmọkùnrin kan láti Kúdẹtì wá sọ pé ìgbà tí àwọn ọkùnrin agboolé bá ń jà ni ìyá òun máa ń kì í, ẹ̀rín ló sì máa ń tú wọn ká. Ta ló ń kì í, níbo, ta ló ń kì í fún: ó ti wọnú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn láìmọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn tán sórí ìlà kan ṣoṣo yẹn ni.

(Onídùndún tí kò ní kọ́ńsónáǹtì, tí kò ní fáwẹ̀lì, tó jẹ́ ohùn nìkan ló ní, tí a sì ń gbọ́ ohun tó ń wí: mi ò tíì rí ìwé àkọsílẹ̀ tó fi tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ohùn.)

Olóòtú, ojú-ewé akẹ́kọ̀ọ́ yín kún fún ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ṣeé há. Ẹ yọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ lè fi tèmi yìí bẹ̀rẹ̀: ìyá kan ní Bẹẹrẹ ní òun ti "sá ẹran". Ṣé oòrùn ló sá a sí, àbí àdá ló fi ṣá a? Kí ló yẹ kó tún sọ kí a tó mọ̀? Kí àwọn ọmọ kọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín, kí ẹni tó kọ̀wé láti Mókọ́lá náà kọ tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.